Bí A Ṣe Ń Dá Nannofossil Mọ̀ Lábẹ́ Máíkíróskóòpù

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sọ nannofossil kankan, ìyẹn ìyókù ohun alààyè tíntìntín ayé àtijọ́ tó wà nínú òkúta, lórúkọ, ẹ yí i wò ná. Ibi tó ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ́nà jù nìyẹn, wọ́n á rí nǹkan róbótó kan, wọ́n á ti sáré lọ wá èyí tó jọ ọ́ nínú ìwé.

Èèpo ara ewédò òkun tíntìntín ni púpọ̀ nínú wọn, coccolith ni wọ́n ń pè é, calcite ni wọ́n, ìyẹn èròjà òkúta kan, àwọn náà ló kóra jọ di òkè funfun etí òkun Dover nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Máíkírọ̀n 2 sí 20 ni ọ̀pọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ máíkírọ̀n 1000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo o.

Síláìdì lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ ha òkúta yẹn bíńtín, ẹ kán omi sí i, ẹ fi igi ìtayín tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì tín-ín-rín, kó gbẹ lórí iná díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara lẹ̀ ẹ́ mọ́ síláìdì. Tó bá nípọn, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ásíìdì ò gbọdọ̀ kàn án, á yọ́ dànù ni.

Lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 100, tó ń lo ọ́ìlì, lẹ máa fi wò ó. Ẹ kọ́kọ́ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ lásán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi polarizer kejì (gíláàsì tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó lè máa gbọ̀n sí apá kan ṣoṣo) dábùú àkọ́kọ́, gbogbo ibẹ̀ á ṣú, coccolith á wá máa tàn, àgbélébùú dúdú á hàn láàárín rẹ̀. Ẹ yí pèpéle tí síláìdì wà lórí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wo bóyá apá àgbélébùú yẹn gún àbí ó wọ́.

Discoaster, oríṣi nannofossil míì, tiẹ̀ yàtọ̀. Ìràwọ̀ ni, ó hàn kedere nínú ìmọ́lẹ̀ lásán, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dábùú polarizer, ọ̀pọ̀ wọn á ṣókùnkùn. Ẹ ka apá ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ ẹ̀yà ẹ̀: brouweri ní 6 tí ẹnu wọn ò là, surculus náà ní 6 àmọ́ ẹnu apá kọ̀ọ̀kan là sí mẹ́ta, pentaradiatus ní 5. Ẹ ṣọ́ra gan-an níbí, torí apá máa ń kán! Tó bá jẹ́ 5 lẹ rí, ẹ wo àlàfo àárín wọn, tí gbogbo ẹ̀ bá dọ́gba, oní-5 ni lóòótọ́, tí apá ibì kan bá ṣí sílẹ̀ gbàyàù, oní-6 tó ti kán ni.

Nínú àwọn coccolith, Gephyrocapsa ní afárá lórí ihò àárín ẹ̀, Reticulofenestra ò ní. Afárá yẹn náà máa ń já, torí náà ẹ wo etí ihò bóyá kùkùté ẹ̀ ṣì kù. Calcidiscus ńkọ́? Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ̀yà ẹ̀ tó ń jẹ́ macintyrei máa ń ju máíkírọ̀n 11 lọ, leptoporus kéré sí i.

Tó bá jẹ́ òkúta kànga epo, bíi ti Niger Delta, ti òkè máa ń já bọ́ sísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, torí náà ibi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ rí i látòkè lẹ máa gbà gbọ́, kì í ṣe ibi tó parí sí nísàlẹ̀. Èyí tí ò bá dá yín lójú, ẹ kọ "Discoaster sp." sílẹ̀, ìyẹn Discoaster tẹ́ ẹ ò mọ ẹ̀yà ẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ lásán àti lábẹ́ polarizer tẹ́ ẹ dábùú.