Ẹ Bá Mi Rin York: Àgọ́, Odi àti Ẹnubodè

Bàtà ni kí n kọ́kọ́ sọ. Bàtà tí mo máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkè-Àró ni mo wọ̀ gun odi York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú mi sì rí nǹkan. Ẹsẹ̀ èèyàn ti mú òkúta ibẹ̀ dán, bí òjò bá sì ti kàn án, ó ń yọ̀ bí ilá. Kánfáàsì ni kí ẹ wọ̀, ẹ̀yin ìyá Àkúrẹ́ tí ọmọ yín ní kí ẹ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn ní ìlú òyìnbó.

Leeds ni ọmọ mi obìnrin ń gbé. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ní kí a lọ wo York, ìlú àtijọ́, ṣùgbọ́n pé a kò ní sun hòtẹ́ẹ̀lì, inú àgọ́ la máa sùn, lórí pápá kan lẹ́yìn ìlú. Mo ní ṣé ogun lé wa ni? Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín.

Bí tiyín náà bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yan ilẹ̀ gíga. Odò Ouse tó gba àárín York kọjá máa ń kún bo bèbè rẹ̀, ilẹ̀ tó wà lágbègbè rẹ̀ sì máa ń mumi. Àwa pàgọ́ sí ibi tó tẹ̀ wọnú nítorí pé ó sún mọ́ ilé ìwẹ̀. Òjò dé lóru. Ní aago mẹ́ta mo fọwọ́ kan ìró mi, ó ti rin gbingbin. Èèkàn àgọ́ kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán bíi ti ewúrẹ́. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ fì kúrò lọ́dọ̀ àgọ́, nígbà náà ni okùn kò fi ní fà á tu. Ní ti òtútù, abẹ́ ló ti ń wá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lábẹ́ yín sàn ju mẹ́ta lórí yín lọ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti gàrí dání. Kò sí ohun tí ẹ óò dáná fún láàárọ̀ bí gàrí bá wà.

Ẹ má wa mọ́tò wọ àárín ìlú. Ààyè tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí wà lẹ́yìn ìlú, bọ́ọ̀sì á sì gbé yín wọlé láti ibẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń pè ní York Minster, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì máa lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbà Museum Gardens ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ilé-ìṣọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Multangular Tower, ẹ̀gbẹ́ mẹ́wàá ló ní. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéékèèké ni, wọ́n gé e dọ́gba bíi búrẹ́dì kékeré, ìlà bíríkì pupa kan sì yí i ká bí ọ̀já tí wọ́n fi gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Àwọn ará Róòmù ló mọ ìyẹn; ọdún 71 ni wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, kí wọ́n tó wá mọ ilé-ìṣọ́ yìí. Gbé ojú sókè díẹ̀: òkúta ibẹ̀ tóbi, kò sí ọ̀já pupa mọ́, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ta ọfà gbà sì wà lára rẹ̀. Ìyẹn ti ìgbà tí àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń jọba, nǹkan bíi 1200 sókè. Ó lé ní 800 ọdún tó wà láàárín apá ìsàlẹ̀ àti apá òkè. Ẹni tó bá ti mọ ìyàtọ̀ yìí níbẹ̀ á máa dá a mọ̀ káàkiri ìlú. Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò jẹ́ kí n sinmi: “Màmá Àkúrẹ́, ti Róòmù tún nìyí!” Ìgbà mìíràn irọ́ ni.

Inú ọgbà yẹn kan náà ni Yorkshire Museum wà. Ẹ sanwó, ẹ wọlé. Ní 1901 wọ́n wú sàréè obìnrin olówó kan ní York, tó ti wà níbẹ̀ láti bí 1,600 ọdún. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ eyín erin àti òkúta dúdú tí wọ́n ń pè ní jet, tó ti Whitby létí òkun wá. Àwọn onímọ̀ yẹ egungun rẹ̀ wò, wọ́n ní ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ Àríwá Áfíríkà wà lára rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá mi, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ eyín erin fún ọba. Ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Septimius Severus tó jẹ́ olú-ọba Róòmù náà, Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíà ni wọ́n bí i sí, York ló sì kú sí ní 211. Ọmọ mi kò sọ èyí fún mi kí a tó lọ. Òun náà kò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gun odi. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́ta àti ààbọ̀, wọn kì í gba owó, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tì í bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn bíi tèmi, láti ẹnubodè Bootham Bar dé ẹnubodè Monk Bar tó. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà dáadáa jù lọ. Ẹ di ọmọdé mú, ibòmíràn kò ní irin ìdìmú lápá inú.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ní York, “bar” ni ẹnubodè, “gate” sì ni òpópónà. Àwọn ará Denmark tó gba ìlú náà ní 866 ló fi ọ̀rọ̀ “gata” sílẹ̀ fún wọn. Ọkọ ọmọ mi ní kí a pàdé ní Micklegate ní aago méjì. Èmi lọ dúró sábẹ́ ẹnubodè, òun dúró sí ìsàlẹ̀ òpópónà níhà odò, fóònù mi sì ti kú. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú gbáko! Òkè ẹnubodè yẹn gan-an ni wọ́n gbé orí Richard, ọmọ ọba tó jẹ́ Duke of York, kọ́ sí lẹ́yìn ogun 1460. Mo ní àkókò láti rò ó.

Shambles, àdúgbò àwọn alápatà àtijọ́ tí òrùlé ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, èrò ibẹ̀ ju ti Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọdún.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, York Minster, wọ́n ń gbowó kí ẹ tó wò ó, ṣùgbọ́n ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọ̀fẹ́ ni, àwọn akọrin á sì kọrin débi pé ẹ óò gbàgbé ẹ̀yìn tó ń dùn yín. Bí ẹ bá sanwó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ilẹ̀. Láàárín 1967 sí 1972, ilé-ìṣọ́ àárín fẹ́ wó. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ láti gbé e ró ni wọ́n ti bá ibùjókòó àwọn olórí ogun Róòmù pàdé. Ti òkè ilé-ìṣọ́ náà, àtẹ̀gùn 275 ni. Ẹni tó bá ti gun Ìdànrè, tó lé ní 600, kò ní bẹ̀rù rẹ̀, àmọ́ ti Ìdànrè gbòòrò, afẹ́fẹ́ sì wà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ má ká àgọ́ tútù sínú àpò, á bu. Tiwa tutù. Ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú padà wálé, ó ṣì wà lórí okùn aṣọ lẹ́yìn ilé wọn ní Leeds.