Bí a ṣe ń lu ewé sára aṣọ pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí a lè fi kó ará àdúgbò jọ, lílu ewé sára aṣọ ni mo fẹ́ràn jù: a ó fi òòlù lu ewé tútù lórí aṣọ, kí àwọ̀ àti àwòrán rẹ̀ lè hàn sára aṣọ náà. Kò gba ẹ̀rọ kankan, tọmọdé tàgbà ló sì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí tábìlì. Ìdí igi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bá fojú sí ewé dáadáa, àwọ̀ lásán ni yóò lù sára aṣọ.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti pèsè aṣọ. Aṣọ òwú funfun ló dáa jù. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ po gíráàmù 15 álọ́ọ̀mù (alum, èròjà funfun bí iyọ̀ tí àwọn aláró ń lò) mọ́ omi gbígbóná fún gíráàmù 100 aṣọ, kí ẹ rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì sá a gbẹ. Álọ́ọ̀mù ló ń jẹ́ kí àwọ̀ di aṣọ mú. Àgbàlagbà ni kó ṣe èyí, kí ẹ má sì fi ìkòkò náà se oúnjẹ mọ́.

Tí èrò bá pé, ẹ jọ rìn yí àyíká ká fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ewé márùn-ún péré ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan já, kó má sì já ju méjì lọ lára igi kan. Mi ò kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú òfin yìí, torí ewé ni igi fi ń wá oúnjẹ. Èsìsì àti ewé tí ẹnikẹ́ni ò dá mọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kí wọ́n tó já a, kí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí wọ́n fi ìka tọ iṣan rẹ̀. Ti koríko tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti ọ̀pọ̀ igi ta kókó bí àwọ̀n. Ọ̀nà tí omi ń gbà láti gbòǹgbò nìyẹn.

Ẹ tẹ́ aṣọ sórí pákó, kí ẹ da ẹ̀yìn ewé dé e, kí iṣan lè hàn. Ẹ fi bébà bò ó. Ẹ wá máa fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́, láti etí wá sí àárín, láìfo ibì kankan. Ewé tí omi rẹ̀ pọ̀ máa ń ta sílẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi bébà fún omi rẹ̀ díẹ̀. Ewé gbígbẹ kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀.

Nígbà kan, ọmọ kan ṣí ewé rẹ̀, ihò funfun méje ló wà nínú àwòrán náà. Ó ní òun ti bà á jẹ́. Mo mú un padà sídìí igi, a yí àwọn ewé ìsàlẹ̀ wò, a sì bá kòkòrò kan tí kò tíì di labalábá níbẹ̀, tó ṣì ń jẹun lọ. Ọmọ náà kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí aṣọ gbẹ fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ lọ̀ ọ́. Omi tútù ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́, ibòji ni kí ẹ sì máa sá a sí. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé àwọ̀ ewé yóò máa pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí oòrùn máa ń pa á. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ igi sí etí aṣọ. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó bi àgbà tó bá wà níbẹ̀. Ewé tó ṣẹ́kù, ẹ kó o padà sídìí igi tí ẹ ti já a.