Bí àyà bá ń fún ẹni pinpin

Ọ̀rá tó bá há sára òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń ṣọ́ ara ló ń lọ gbé e mì. Wọ́n á yó bámú, wọ́n á kú síbẹ̀, ibẹ̀ á wú bí eéwo. Ọjọ́ tó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e, ọ̀nà á dí, àyà á sì máa fún ẹni pinpin. (Ẹ̀ṣọ́ ló dá ilé rú!)

Bí àyà bá ń fún ẹni, tí òógùn tútù ń bò ó, ẹ má fi àgbo dá a dúró. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ pe 112. Kó rún aspirin 300 mg lẹ́nu, ìyẹn oní-75 mẹ́rin. Àgbémì lódidi máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ọlọ́gbẹ́ inú àti ẹni tí aspirin ń bá jà kò gbọdọ̀ lò ó. Bí kò bá sí áńbúláǹsì, ẹ fi mọ́tò gbé e lọ sí FMC Ìdí-Aba, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ gun òkè Abẹ́òkúta kankan.