Kì í ṣe gbogbo ibi tó pọ́n ni ooru ti ń jò

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ṣe àṣìṣe tèmi. Oòrùn ò tíì wọ̀ tán tí mo fi gbé drone sókè, pẹ̀lú kámẹ́rà ooru tó ń fi àwọ̀ hàn bí ojú nǹkan ṣe gbóná tó, láti wá ibi tí ooru ti ń jò jáde nínú ilé, ni mo bá rí òrùlé kan tí apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yinná lójú kámẹ́rà, tí apá kejì dúdú. Mo yáa kọ ọ́ síwèé pé ooru ń jò níbẹ̀. Onílé gun àjà lọ wò ó: òwú tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òrùlé láti dí ooru mọ́lé wà níbẹ̀ digbí. Oòrùn ọ̀sán tó ti wọ ara òrùlé náà ni mo lọ yà ní fọ́tò.

Ojú nǹkan lásán ni kámẹ́rà yìí ń rí, kì í wo inú ògiri. Ohunkóhun tó bá mú ojú náà gbóná tàbí tó mú un tutù, á fi hàn yín, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohun tó fà á. Nítorí náà, ẹ má fò lọ́sàn-án, ẹ má fò lẹ́yìn òjò, ẹ má sì fò nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gan-an, torí á ti gbá ooru náà lọ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Òru sí ìdájí ló dára, nígbà tí inú ilé bá fi nǹkan bí 10°C gbóná ju ìta lọ. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n tan ẹ̀rọ amúlégbóná. Ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ rẹ̀, òun ló máa ń dà bí ilé tó dára jù ládùúgbò.

Páànù ni ọ̀gá ẹlẹ́tàn. Bíríkì àti ọ̀dà ń tú ìtànṣán ooru jáde dáadáa, nǹkan bí 0.9 lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní emissivity. Alumíníọ̀mù tó ń dán kì í sábà ju 0.1 lọ. Ojú ọ̀run ló pọ̀ jù nínú ohun tí kámẹ́rà ń rí lára rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń wo dígí. Ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu lóru sì tutù rinrin, nítorí náà páànù á dúdú bí èédú, ooru ì báà máa tú lábẹ́ rẹ̀. Níbi tí ọwọ́ bá ti lè tó, ẹ lẹ téèpù dúdú àwọn oníná mọ́ ọn, ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ wá wọn téèpù.

Tó bá jẹ́ páìpù omi gbígbóná tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ ń wá, ẹ má pe gbogbo ìlà tó mọ́lẹ̀ ní jíjò. Páìpù tó pé náà ń mú ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, á hàn bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gún. Èyí tó ń jò á ní ibì kan tó wú kúrò lára ìlà náà, tó ń tàn bí epo tó dà sáṣọ. Wáyà iná abẹ́ ilẹ̀ náà lè gbóná, ẹ gbé àwòrán yín lé máàpù páìpù kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Ẹ má fò ga jù. Kámẹ́rà tó ní pixel (ojú kéékèèké tó ń gba ooru, tó sì ń di àwòrán) 640 × 512, tí pixel kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 micron, tó ní lẹ́ǹsì 13 mm, bó bá wà ní mítà 60 sókè, pixel kan ti gba nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5.5 lára ohun tó ń wò. Ihò tó bá kéré sí èyí á pò mọ́ ohun tó yí i ká.

Àwọ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá jẹ́ kí kámẹ́rà máa yan àwọ̀ fúnra rẹ̀, á fi pupa sí ibi tó gbóná jù nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan gbé fọ́tò ilé méjì wá bá mi rí, ó ní ilé tó pupa ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Nígbà tí a ṣí fáìlì tó ní ìwọ̀n ooru nínú, 4°C ni òrùlé ilé tó pupa. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù, 7°C.