Wọ́n fowó kún owó ilé-ẹ̀kọ́ yín: bí ẹ ó ṣe kó ara yín jọ kí wọ́n lè dá a padà

Lọ́dún 2011, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fowó kún owó ilé-ẹ̀kọ́ ní LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ náà tó wà ní Ọ̀jọ́. ₦25,000 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí tiẹ̀ kéré jù bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦193,750, èyí tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà sì ń san ₦348,750. Ní oṣù Kẹjọ 2014, Gómìnà Babatunde Fashola kéde pé owó ọ̀hún ti padà sí ₦25,000. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn tó ń wọlé sí yunifásítì yẹn ti dín kù gan-an, ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà sì ti gbà á ní kádàrá. Owó náà padà nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù, àwọn olùkọ́ sì dúró tì wọ́n.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ló ti fowó kún ohun tí wọ́n ń gbà. Bí ó bá ti kàn yín, ọ̀nà tí ẹ ó gbà nìyí. Ìwọ́de wà nínú rẹ̀, àmọ́ ìwọ́de kọ́ ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kó ìwé jọ

Ẹ wá rìsíìtì ọdún tó kọjá àti tọdún yìí, kí ẹ tò wọ́n síra. Ẹ tú owó náà palẹ̀: iná àti omi, ìtọ́jú ìlera, ìdánwò, káàdì ìdánimọ̀, eré ìdárayá, ilé gbígbé. Ẹ ó rí èyí tí wọ́n sọ di ìlọ́po mẹ́rin láìsí àlàyé kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìṣúná. Iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún yunifásítì yín yàtọ̀ sí iye tó dé ọwọ́ wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún yín lágbára láti béèrè; ọjọ́ méje péré ni ilé-iṣẹ́ ìjọba ní láti dáhùn, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹ kọ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu èyí tí ẹ ó mú lọ sílé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n lè sọ pé àwọn kò rí i rí.

Ẹ lọ láti yàrá dé yàrá

Iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, òun náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fò. WhatsApp kò lè ṣe é fún yín. Ẹ pín họ́sítẹ̀lì àti àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé láàárín ara yín, kí ẹni méjì-méjì máa kan ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sórí ìwé: ẹ̀ka àti ipele tí onítọ̀hún wà, iye tó ti san, iye tó kù, ohun tó máa ṣe bí kò bá rí i san. Ẹ má kọ orúkọ.

Ìlà kẹrin yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹnì kan á ní òun máa dá ọdún yìí dúró. Ẹlòmíì á ní ìyá òun ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì sí nǹkan mìíràn tó kù láti tà. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Nígbà tí ọ̀gá yunifásítì bá ní owó náà kò ni ẹnikẹ́ni lára, ìwé yẹn ni ẹ ó gbé síwájú rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè bóyá ẹnì kan níbẹ̀ máa bá yín kan ilẹ̀kùn lọ́la. Báyìí ni ẹ ó ṣe rí aṣojú ní gbogbo kíláàsì, àti obìnrin àti ọkùnrin, láìdúró de àwọn tó mọ gbohùngbohùn-ún dì mú.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pín yín

Owó LASU ti 2011 kò kan àwọn tó ti wà nílé-ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn tuntun nìkan ni wọ́n bù ú lé lórí. Ó ṣòro láti kó ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn síta. Àmọ́ ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́yà ló ń ṣe: àbúrò àwọn ọmọ ọdún kẹrin ló ń bọ̀ wá san án. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lójúkojú, kí ẹ sì fi wọ́n sí ìgbìmọ̀.

Ẹ béèrè ohun tó ṣeé dáhùn

“Ẹ dá owó padà” dára fún orin. Lórí ìwé, ẹ to ìbéèrè yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìpàdé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, sì dìbò lé e. Ní UNILAG ní 2023, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de ní oṣù Kẹsàn-án, owó ilé gbígbé ní Akọka wálẹ̀ láti ₦90,000 sí ₦43,000. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kò padà sí ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ṣì dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn aláṣẹ ṣe ń gbà fún akẹ́kọ̀ọ́: wọ́n ń gbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá ẹni kún ara yín

Ẹ lọ bá ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, àti NASU pẹ̀lú SSANU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́, nílé-ẹ̀kọ́ yín, nítorí owó tí ìjọba dín kù ló fa ìyà tiwọn náà. Ẹ bá àwọn òbí àti ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ lọ́jà. Ẹ wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú: nígbà tí Fashola fi dá owó LASU padà, ìbò 2015 ti ń bọ̀.

Ẹ má gbé gbogbo nǹkan lé orí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ní 1978, nígbà tí ìjọba ológun fowó kún owó oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, NUNS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà nígbà náà, tí Segun Okeowo jẹ́ ààrẹ rẹ̀, ló léwájú ìwọ́de “Ali Must Go”, tí wọ́n fi ní kí Ahmadu Ali tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ kúrò nípò. Wọ́n yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́, Akintunde Ojo ti UNILAG wà lára wọn, ìjọba sì fòfin de NUNS. Ní 1980 ni NANS, ẹgbẹ́ tó rọ́pò rẹ̀, tó dìde. Aṣojú kíláàsì tí ẹ ti yàn kò ní kásẹ̀ nílẹ̀ bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pa.

Ọjọ́ ìwọ́de

Ìpín 40 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ti sọ ní 2007 pé kò dìgbà tí èèyàn bá gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó wọ́de. Síbẹ̀, ẹ fi lẹ́tà tó wọn létí; Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní kí wọ́n dáàbò bo àwọn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ wọlé, kí ẹ mọ ohun tí wọ́n lè fi lé yín.

Ẹ yan àwọn tó máa wọ aṣọ àwọ̀ kan náà láti tọ́ èrò sọ́nà, àwọn tó máa gba fídíò, àti ẹni tó máa jókòó sílé pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó jáde. Kí kálukú fi báírò kọ nọ́ńbà agbẹjọ́rò sí apá. Ẹ parí kó tó ṣú. Ẹni tó bá gbé òkúta, ẹ fà á jáde. Ní oṣù Kínní 2014, ìwọ́de LASU dàrú, wọ́n ba nǹkan jẹ́, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, fèrèsé tó fọ́ sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ dípò ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wọ́de.

Nígbà tí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé

Ẹ má rán ẹnì kan lọ. Kí ẹni márùn-ún lọ, kí ọ̀kan máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ohunkóhun kí kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì tó gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni kí wọ́n jábọ̀, kó má baà di àhesọ. Ìlérí ẹnu kò tó. Ẹ gbà á lórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí pọ́tálì fún owó sísan, kí ẹnì kan nínú yín kọ́kọ́ wọ orí rẹ̀, kó ya fọ́tò iye tó bá níbẹ̀, kó sì fi wé èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí.