Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ òwò láìjẹ ojú owó

Ẹ̀pà ni mo kọ́kọ́ tà. Ẹ̀pà yíyan inú ìgò, irú èyí tí ẹ máa ń fi mu gaàrí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tà á n'Ìbàdàn, ọjà ń yá, kódà àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ mí di Ìyá Ẹlẹ́pà. Lọ́jọ́ kan mo gba Bódìjà lọ láti ra kóńgò mẹ́wàá bí mo ṣe máa ń rà, àfi bí mo ṣe ka owó ọwọ́ mi tí kò ra ju márùn-ún lọ. Ẹ̀pà ò tíì wọ́n sí i. Olè ò jà mí. Ọjà ò sì kù sí mi lọ́wọ́. Èmi náà ni mo jẹ ojú owó mi, ẹ̀kúnwọ́ kan lónìí, ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́la, mo ṣebí èrè ni mò ń jẹ.

Ohun tí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé níbo lòun ti máa rówó. Màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iye tí ọjà rẹ̀ ń ná an, bí ẹ bá gbé mílíọ̀nù kan fún un, á kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó jẹ ẹ́ tán ni.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe díẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ má tíì gba ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má tíì tẹ ẹgbẹ̀rún kan lébẹ́ẹ̀lì. Ẹ ṣe ìwọ̀nba tí ẹ lè tà fún ará àdúgbò, àwọn tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ o, owó ni kí wọ́n fi rà á. Ẹni tó jẹ ọ̀fẹ́ kò ní ṣàì sọ pé ó dùn. Ẹni tó padà wá rà á lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ra ìwé kan, ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò náà ti tó. Gbogbo kọ́bọ̀ tó bá jáde nítorí ọjà, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí tó bá di ọjọ́ kejì ẹ ti gbàgbé owó ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀pà ṣe àpẹẹrẹ. Iye ọjà kì í dúró lójú kan, nítorí náà ẹ fi iye tó wà lọ́dọ̀ yín rọ́pò èyí tí mo kọ, ọ̀nà ìṣirò ni kí ẹ mú.

Ẹ̀pà kóńgò 10, kóńgò kan ₦3,500: ₦35,000
Gáàsì àti iyọ̀: ₦4,000
Ìgò 40 pẹ̀lú ìdérí, ọ̀kan ₦150: ₦6,000
Lébẹ́ẹ̀lì 40: ₦2,000
Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀: ₦3,000

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Ẹ pín in sí 40, ìgò kan jẹ́ ₦1,250. Bí èmi náà ṣe ṣírò ó nìyẹn. Mo wá ń tà á ní ₦1,400, mo ní mo ti jèrè ₦150 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ihò wà nìyí. Ẹ̀pà kì í yan ara rẹ̀. Ẹ ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, ẹ ó sá a, ẹ ó yan án, ẹ ó fọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ bó, ẹ ó fẹ́ ẹ, ẹ ó ṣa èyí tó jóná kúrò, kí ẹ tó wá máa rọ ọ́ sínú ìgò. Odindi ọjọ́ méjì ló ń gbà mí. Bí mo bá háyà ẹlòmíràn ní ₦4,000 lójúmọ́, ₦8,000 nìyẹn, kò sì sí ìdí tí tèmi fi máa jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ti di ₦58,000. Nínú ìgò 40 yẹn náà, ọ̀kan á fọ́, ọ̀kan á lọ síbi "ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò ná." 38 ló dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹ wá pín ₦58,000 sí 38: ìgò kan ti ná mi ní ₦1,526. Mo ń tà á ní ₦1,400! ₦126 ni mò ń sọ nù lórí ìgò kan, àwọn èèyàn sì ń kí mi kú oríire.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ojú kì í tètè rí. Kóńgò mẹ́wàá tí ẹ rà kì í ṣe kóńgò mẹ́wàá mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fẹ́ èèpo dànù tí ẹ sì ṣa ìdọ̀tí kúrò. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, kì í ṣe nígbà tí ẹ rà á. Kò sí òwò tí kò ní èèpo ẹ̀pà tirẹ̀. Ti aránṣọ ni òwú, àgékù aṣọ tó ń jábọ́, àti epo jẹnẹrétọ̀ tí iná bá lọ. Ti onídìrí ni ìpara àti omi. Ti ẹni tó ń ta ọjà lórí fóònù ni dátà àti owó ẹni tó ń gbé ọjà kiri. Ẹ wá tiyín rí.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó tó dá iye lé ọjà. Ẹ rántí alágbàtà, torí bí ẹ bá fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù bá yín tà á, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ rí tirẹ̀ níbẹ̀. Tèmi wá di ₦1,900 fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, ₦1,700 fún ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan sá. Àwọn tó dúró tó mi í tà fún.

Ẹ ya owó sọ́tọ̀

Bí mo bá ta ìgò 38 fún ṣọ́ọ̀bù ní ₦1,700, ₦64,600 ló wọlé. ₦50,000 níbẹ̀ kì í ṣe tèmi, ti ẹ̀pà ni. ₦8,000 jẹ́ owó iṣẹ́ mi, mo lè fi ra ẹran. ₦6,600 tó kù ni èrè, òun ló sì ń sọ kóńgò mẹ́wàá di méjìlá.

Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn fún òwò nìkan, kí gbogbo owó ọjà máa wọ ibẹ̀. Ẹ dá ọjọ́ kan tí ẹ ó máa san owó iṣẹ́ fún ara yín, ẹ má sì fọwọ́ kàn án ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹbí ló máa ń dán èèyàn wò jù. "Mú ìgò méjì fún àǹtí rẹ kí wọ́n tó máa lọ." Ẹ fún àǹtí, kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ yọ iye rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ yín kí ẹ sì san án sínú àkáǹtì òwò. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo tó mọ iye àǹtí tí mo ní.

Ẹni tí kò lè ṣe kó má fi fóònù yọ owó inú àkáǹtì lè dá àjọ. Bí ẹ bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, ₦30,000 ni ẹ ó kó, ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Kò sí èlé lórí rẹ̀ o, ṣùgbọ́n owó náà kò sí nítòsí nígbà tí ọkàn bá fà sí aṣọ. Èsúsú tún yàtọ̀: ẹ̀yin mélòó kan ni ẹ ó máa dá a, ẹnì kan á kó o lẹ́ẹ̀kan. (Èsúsú yìí ti rìn jìnnà. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, súsú ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ dòní.)

Àwìn

Ẹ ti rí i lára ògiri ṣọ́ọ̀bù: "Kò sí àwìn lónìí, ẹ padà wá lọ́la." Ẹni tó kọ ọ́ ti ṣírò ó. Èrè mi lórí ìgò kan ò ju ₦174 lọ. Bí ẹnì kan bá gbé ìgò kan lọ tí kò sanwó, èrè ìgò mẹ́sàn-án ló gbé lọ yẹn.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Wọ́n á ní kí ẹ gbé e kalẹ̀, tó bá tà àwọn á sanwó. Ìgò mẹ́fà ni mo máa ń gbé sílẹ̀ fún ẹni tuntun, mi ò jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sínú ìwé, òun náà fọwọ́ sí i. Tí mo bá padà dé tí kò tíì san ti àkọ́kọ́, mi ò ní í bá a jà, mi ò sì ní í gbé òmíràn sílẹ̀.

Ìwé ìjọba

CAC ni ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ lè ṣe é fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ wo orí ojú òpó wọn bóyá ẹnì kan ti gba orúkọ tó wù yín, ọ̀fẹ́ ni wíwò. Owó ìforúkọsílẹ̀ máa ń yí padà, ẹ wò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, kí ẹni tí ẹ bẹ̀ níṣẹ́ má baà fi ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lé yín lórí.

Orúkọ òwò lásán ló rọrùn jù, ó sì tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé kò ya ẹ̀yin àti òwò sọ́tọ̀: bí òwò bá jẹ gbèsè, ẹni tí ẹ jẹ lówó lè wá sórí ọkọ̀ àti ilẹ̀ yín. Kọ́ńpìnnì ló ń ya wọ́n, láti ìgbà CAMA, òfin tó de kọ́ńpìnnì, ti ọdún 2020 sì ni ẹnì kan ṣoṣo ti lè dá a sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ìjábọ̀ ọdọọdún wà tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́ sí CAC. Ti orúkọ òwò kò gbọdọ̀ kọjá 30 oṣù kẹfà, yàtọ̀ sí ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbàgbé èyí, owó ìtanràn ló ń rán wọn létí.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ tí ẹ dì tí ẹ sì fẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó rí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Wọ́n á wá wo ibi tí ẹ ti ń ṣe é, wọ́n á sì yẹ ọjà náà wò. Lébẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ọjà, àdírẹ́sì, ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Àwọn kan máa ń yá nọ́ńbà NAFDAC ọlọ́jà mìíràn lẹ̀ mọ́ tiwọn. Ẹ̀sùn ọ̀daràn nìyẹn o, ẹ má dán an wò. Ẹ̀yin ẹlẹ́pà ẹlẹgbẹ́ mi, èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má pò ó mọ́ èyí tó dára: májèlé tí ó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó bu ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kì í sì í mú un kúrò tán.

Ẹ tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SMEDAN, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó wá kan owó

Tiyín ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, níbi tí ẹ ti ń fi owó pamọ́ tí wọ́n sì ń yá yín ní ìlọ́po ohun tí ẹ fi pamọ́. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ yín ló wà níbẹ̀, èlé rẹ̀ kì í sì í gani lára.

Owó ìjọba náà wà. Bank of Industry ń yá oníṣòwò lówó, àwọn tó ń gbé Èkó sì ní LSETF, àpò owó ìjọba ìpínlẹ̀ wọn tí òfin dá sílẹ̀ ní 2016. Tony Elumelu Foundation, àjọ aládàáni tí kì í ṣe ti ìjọba, kì í yáni ní tirẹ̀: láti 2015 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà oníṣòwò Áfíríkà tí wọ́n bá yàn ní $5,000 tí wọn kò ní í dá padà, pẹ̀lú ẹ̀kọ́. 1 oṣù kìíní ni wọ́n máa ń ṣí i, lórí TEFConnect, ojú òpó wọn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san nǹkan kí òun lè bá yín "tì í", gbájúẹ̀ ni. Gbogbo wọn pátá ló máa béèrè irú nǹkan kan náà: kí ni ọjà ń ná yín, èélòó ni ẹ ń tà á, ta ló ń rà á, kí lẹ fẹ́ fi owó náà ṣe. Ẹni tó ti ń kọ ìwé á kàn ṣí i ni.

Ti áàpù tó ń yáni lówó, ẹ kọ́kọ́ wò ó nínú orúkọ àwọn tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fọwọ́ sí. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ tún padà sídìí ìwé yín. Ká ní wọ́n yá yín ní ₦50,000 tí ẹ ó san ₦60,000 lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Bí mo bá yan ẹ̀pà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, èrè mi jẹ́ ₦13,200. Èlé á gbé ₦10,000 lọ níbẹ̀, ₦3,200 á ṣẹ́ kù fún mi. Bí òjò bá wá rọ̀ tí mo yan án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ńkọ́?

Kí àwọn èèyàn rí yín

WhatsApp Business ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní ibi tí ẹ lè to ọjà sí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ọ̀sán, lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ wa pé ká fi iye ọjà pamọ́, kí oníbàárà wá bẹ̀ wá kó tó mọ̀ ọ́n.

Kóńgò márùn-ún tí owó mi ká lọ́jọ́ tí mo lọ sí Bódìjà yẹn náà ni mo rà. Mo ya ₦1,000 nínú owó ọkọ̀, mo fi ra ìwé lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń kiri lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ìgbà mẹ́jọ ni mo yan ẹ̀pà kí owó tó tún tó ra mẹ́wàá.