Bí Àdúgbò Yín Ṣe Lè Pohùn Pọ̀ Bá Ìjọba Sọ̀rọ̀

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ta gbáko ni gọ́tà iwájú ìsọ̀ wa fi ń da omi sórí aṣọ kí a tó mọ ohun tó yẹ ká ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ pe ìpàdé lọ́jọ́ tí ọjà kò gbóná. Ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin nìkan sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá wa tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún ló mú kí Aláké kúrò lórí oyè ní 1949 nítorí owó orí. Ẹ gbé igbá sí kọ̀rọ̀, ọ̀kan fún gọ́tà, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún omi. Kí kálukú ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú èyí tó wù ú. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí ọmọ iṣẹ́ kò ní wojú ọ̀gá kó tó yàn. Ìṣojú gbogbo yín ni kí ẹ ti kà á.

Ẹ wá kọ lẹ́tà. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 gbà yín láyè láti béèrè iye tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà, láìsọ ìdí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀wé lè bẹ ẹlòmíì kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Lẹ́tà wa àkọ́kọ́ sọnù, a kò sì ní ẹ̀rí kankan.

Bí aṣòfin yín bá kọtí ikún, ìwé òfin 1999 ní ẹ lè pè é padà sílé. Ó nira o: ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lágbègbè rẹ̀ tó máa fọwọ́ sí i, kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, tó ṣètò ìdìbò láàárín ọjọ́ 90.